Ta Ló Ta Okùn Náà?

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi, nítorí àwọn ará ilé ọkọ mi ti ń bu iyọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ti dé Ọjà'ba, ó ti gba Bẹyẹrunka kọjá. Lánàá, ẹlẹ́ran kan tí mi ò rí rí láyé mi bi mí pé ṣé èmi ni ìyá tó fi okùn di ọkọ rẹ̀ lórí òkè. Mi ò di ọkọ mi lókùn o. Ràkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni mo ta okùn sí, mo sì ṣe é tì.

Èmi àti Bàbá Káyọ̀dé ti ń gbá tẹníìsì kí a tó fẹ́ra. Ní pápá Yunifásítì Ìbàdàn la ti pàdé lọ́dún 1983, ọdún yẹn gan-an tí Nduka Odizor ọmọ Nàìjíríà na Guillermo Vilas ará Ajẹntínà ní Wimbledon. Ipò kẹrin ni wọ́n to Vilas sí nínú ìdíje náà, ó sì ti gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ kí Odizor tó gba mẹ́ta tó kù mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọmọkùnrin tó bá ti ní ràkẹ́ẹ̀tì ló ń rò pé Odizor lòun. Bàbá Káyọ̀dé wà nínú wọn. Sáàfù rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ náà le. Mo na án lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbá a, ó ní oòrùn ló wọ òun lójú. A ṣègbéyàwó lọ́dún kejì. Oòrùn yẹn kò tíì kúrò lójú rẹ̀ títí di òní.

Nígbà tó mú mi dé agbo-ilé wọn ní Bẹẹrẹ, bàbá àgbà kan bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní tíṣà Físíìsì ni mí. Wọ́n ní eré ńkọ́? Mo ní tẹníìsì. "Ti orí tábìlì yẹn?" Mo ní rárá sà, ti ilẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ń sáré kiri gbá. Bàbá wo ọkọ mi, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó á máa sáré kiri?" A ò tíì parí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé náà. Àbúrò ọkọ mi obìnrin tó kéré jù, tí mo bá nílé ní ọmọ tín-ín-rín, ni mo sọ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ara rẹ̀ kò gba orúkọ náà mọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa yí i padà? Ó ń ta àmàlà nísàlẹ̀ òkè. Ẹ fi í sọ́kàn.

Nínú ilé, "ẹ" ni mò ń fún ọkọ mi, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Lórí pápá, bọ́ọ̀lù kì í dúró de ọ̀wọ̀. "Tìẹ ni! Sá sẹ́yìn! Kí lò ń wò?" Tí a bá ti jáde lẹ́nu géètì, mo tún padà sí "ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Káyọ̀dé."

Láti ìgbà tí a ti fẹ̀yìn tì, orí òkè la ti ń gbá a, lórí kọnkéré kan nítòsí Gbọ̀ngàn Mápó tí ẹgbẹ́ wa fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí. Mi ò ní sọ ẹni tó ni ilẹ̀ náà, kí wọ́n má baà rántí pé àwọn ló ni ín. Ìwọ̀n rẹ̀ pé: mítà 23.77 ní gígùn, 10.97 ní ìbú fún èèyàn mẹ́rin. Nẹ́ẹ̀tì ga ní mítà 1.07 lẹ́bàá òpó, ó sì rọ̀ sí 0.914 láàárín. Ẹ̀yìn ìlà ni kò sí. Ní apá kan, tí ẹ bá ti fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀, ẹ ti kan wáyà tí wọ́n fi ṣe ọgbà, wáyà náà kò sì ga. Lẹ́yìn rẹ̀, òkè ti tán nìyẹn. Páànù ilé Bẹẹrẹ ló kù, gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà, títí tí ojú fi lè ríran dé.

Ẹ má bi mí ìdí tí arúgbó fi ń gun òkè lọ ṣeré. Gbogbo ilẹ̀ gbalasa tí mo bá ní àdúgbò yìí ti di ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí kò di ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti fi tẹ́ǹtì àti àga oníke sọ ọ́ di ibi ìnáwó. Ọmọdé kò ríbi gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò sí Sátidé tí a kì í ríbi jẹ ìrẹsì. Tí mo bá sọ ọ́ nípàdé àdúgbò, wọ́n á ní màmá ti tún dé. Ó dáa, mo ti dé.

Ohun tó bí wàhálà yìí nìyí. Okùn ràkẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́: bí kò já, á dẹ̀. Ọkùnrin tó ń bá wa ta á wà ní òdìkejì ìlú. Èmi ni mò ń gbé ràkẹ́ẹ̀tì lọ, èmi ni mò ń sanwó, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á ní, "Màmá, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá pé wọ́n ń gbá a jù." Mo ní ràkẹ́ẹ̀tì tèmi ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún ọ̀gá." Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òfin agbára àti ìwúwo! Ọjọ́ tí mo rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta okùn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ láti Kùtọ̀nú, tí wọ́n jù ú sáàárín kẹ̀kẹ́ ọmọdé àti fáànù, mi ò ná an lẹ́ẹ̀mejì. Owó okùn tí Bàbá Káyọ̀dé ń kó fún mi ni mo fi rà á. Mi ò sọ fún un. Mo gbé e pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé Bẹẹrẹ, mo fi ti ògiri ilé ìdáná, mo sì da àpò gààrí bò ó.

Ẹ fara dà á kí n ṣàlàyé, tíṣà ni mí. Ojú ràkẹ́ẹ̀tì ní okùn ìnàró, ó ní okùn ìbú. Ti ọkọ mi jẹ́ 16 ní ìnàró àti 19 ní ìbú, okùn tó ń gbà sì gùn tó mítà 12. Okùn tó dára jù láyé, ìfun ẹran ni. Àwọn Babolat ní ilẹ̀ Faransé ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún tẹníìsì ní 1875, ìfun àgùntàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ti màlúù ló kù báyìí. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: àbọ̀dì tí ẹ̀ ń sọ pé kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bù kún àmàlà yín, òun ni òyìnbó ń sá gbẹ, tó ń lọ́, tó ń tà fún wa ní owó tí mi ò lè kọ síbí. Náílọ́ọ̀nù ni tiwa.

Àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìnàró, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, títí tó fi máa dé etí. Ẹni tó bá parí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó kan èkejì, orí ràkẹ́ẹ̀tì á wọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì lè là. Ìnàró á parí kí ìbú tó bẹ̀rẹ̀, ìbú sì ni iṣẹ́ ojú: ẹ ó gba orí ọ̀kan, ẹ ó gba abẹ́ èkejì, títí dé òpin ìlà. Tí ẹ bá ṣì í, ẹ tú u. Ẹ̀rọ náà ní ibi tí a ń de orí ràkẹ́ẹ̀tì mọ́, ó ní ẹ̀mú tó ń di okùn tí a ti fà mú kó má baà sá padà, ó wá ní ọ̀pá irin kan tí ẹrù irin wà lórí rẹ̀. Ẹ ó ki okùn bọ ìdí ọ̀pá, ẹ ó jẹ́ kí ọ̀pá rọra sọ̀ kalẹ̀, ìwúwo irin yẹn ni yóò máa fa okùn. Bí ọ̀pá bá ti nà gbalaja, tí kò wo òkè tí kò wo ilẹ̀, okùn ti le tó. Ẹ sún ẹrù irin jìnnà sí ìdí ọ̀pá, fífà á pọ̀ sí i. Ẹ sún un mọ́ ìdí, á dín. Kò gba iná mànàmáná, kò gba bátìrì. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin lè fi ṣe ìdánwò.

Wọ́n fín nọ́ńbà sára ọ̀pá náà kí ẹ lè mọ ibi tí irin máa dúró sí. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n fín in sí. Nínú ẹgbẹ́ wa, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé 24 ni Bàbá Káyọ̀dé ń lò. "Èmi, 24 ni mí," bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, tó máa ń na àyà. Mo wo ọ̀pá, mo rí 24 ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí mi, mo sún irin sí 24. Ẹ̀gbẹ́ kejì kọjú sí ògiri.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo ṣe é. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde wá fọ ìkòkò, ó dúró wò mí títí, ó ní, "Ìyàwó wa, kí lò ń hun?"

Mo ní àwọ̀n ni.

"Àwọ̀n ẹja?"

Mo ní irú ẹ̀ náà ni.

Nígbà tí mo parí, mo fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú. Ti ọkùnrin yẹn máa ń dún "tín-ín." Tèmi dún "bùm." Mo sọ fún ara mi pé ohùn tèmi kún jù. Mo wá gé bébà pélébé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn ràkẹ́ẹ̀tì, bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń ṣe, mo fi bírò aláwọ̀ ewé kọ ọ́ gàdàgbà sí i: 24.

Ìdíje tọkọtaya tí ẹgbẹ́ wa ń ṣe ní ìparí ọdún dé. Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì ló kàn wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bàbá Ìbejì, nítorí inú rẹ̀ ń bí mi lọ́tọ̀. Ìyàwó rẹ̀ mọ tẹníìsì jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó, òun ni yóò sáré kọjá níwájú rẹ̀ gbá a: "Tèmi! Tèmi!" Tó bá wọlé, á na ọwọ́ sókè. Tó bá kọ́ nẹ́ẹ̀tì, á yíjú sí ìyàwó: "O ò pè é." Mo ti wo èyí títí, ọfun mi ń gbẹ. Obìnrin yẹn máa ń wọ aṣọ funfun rèǹtè-rente wá sórí òkè, á dúró sójú kan, á padà sílé láìlàágùn. Nítorí rẹ̀ ni mo fi fẹ́ kí a na ọkọ rẹ̀ ní ìnà tó gbóná.

Ará ilé wa gòkè wá lọ́jọ́ náà, wọ́n wọ aṣọ ẹbí tó kù láti ìnáwó oṣù tó kọjá, wọ́n mú onígángan lẹ́yìn. Ẹni tó jókòó sórí àga gíga ṣe rẹfirí jẹ́ ọmọ tí mo kọ́ ní Físíìsì, ó ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi kó tó gun àga. Inú mi dùn. Inú mi kò ní dùn mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bàbá Káyọ̀dé ní èèwọ̀ kan: kì í fi ràkẹ́ẹ̀tì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ta okùn sí múra eré. Èyí tó ti gbó ló fi ń na ara. Tuntun kì í jáde nínú àpò àfi tí wọ́n bá ní kó sáàfù. Ká ní kò ní èèwọ̀ yẹn ni, à bá ti mọ̀.

Wọ́n ní kó sáàfù. Ó dúró sí ẹ̀bá Mápó, ó kọjú sí ìsàlẹ̀. Ó ju bọ́ọ̀lù sókè, ó fi gbogbo ara gbá a. Bọ́ọ̀lù náà kò ya ibi ìlà rárá. Ó gba orí Bàbá Ìbejì kọjá, ó gba orí wáyà kọjá, ó sì bọ́ sí òfuurufú Bẹẹrẹ. A dúró. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ọ nísàlẹ̀: gbàm! Páànù ẹnìkan.

"Áòtù," ni rẹfirí wí.

Ará ilé wa pariwo ayọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé e: wọn ò mọ òfin eré náà. Lójú tiwọn, ẹni tó gbá a jìnnà jù ló borí, àwọn kò sì tíì rí ẹni tó gbá a dé ibẹ̀ yẹn rí. Onígángan gbé e: ọmọ akin ni, ọmọ akin ni! Bàbá Káyọ̀dé wo apá rẹ̀. Ó yí sí mi, ojú rẹ̀ ń dán. "Ìyá Káyọ̀dé, àgbo tí ẹ fún mi láàárọ̀ yìí, kí ló wà níbẹ̀?"

Ó gbá èkejì. Ó rọra ni o, bó ṣe máa ń gbá sáàfù kejì. Gbàm! Páànù mìíràn. Ìlù ròkè. Rẹfirí ní a ti sọ pọ́ìntì nù.

Tí ẹ bá ṣí agolo bọ́ọ̀lù, ẹ ó gbọ́ "ṣíì": afẹ́fẹ́ tí wọ́n rọ mọ́ inú rẹ̀ nìyẹn, kí agbára bọ́ọ̀lù má baà jò kí ẹ tó lò ó. Bọ́ọ̀lù tó pé, tí ẹ bá jù ú sílẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 254 sórí kọnkéré, ó gbọ́dọ̀ ta padà dé 135, kò sì gbọdọ̀ kọjá 147. Mẹ́ta ló ń wà nínú agolo kan, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ẹ̀pà. Akápò ẹgbẹ́ wa, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, dìde dúró sórí bẹ́ǹṣì. Géèmù àkọ́kọ́ kò tíì parí tí agolo kan ti tán pátá, tí àwọn ọmọdé sì ti ń sáré sọ̀kalẹ̀ láti lọ wá bọ́ọ̀lù nínú gọ́tà.

Èmi sáàfù nígbà tó kàn mí, ràkẹ́ẹ̀tì tèmi tó ti pẹ́ ni mo lò, a jẹ géèmù yẹn. Ìyẹn nìkan la jẹ. A yí ẹ̀gbẹ́, Bàbá Káyọ̀dé wá kọjú sí Mápó. Mo ní, "Rọra o. Fi ọwọ́ pa á lára." Ó fi ọwọ́ pa á lára. Bọ́ọ̀lù náà fò dìde, ó ń lọ tààrà sí ibi tí ògiri gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929 wà, gbọ̀ngàn tí ọba àti ìjòyè ti jókòó nínú rẹ̀. Mo di ojú. Ọlọ́run ló mú un balẹ̀ sórí koríko. Bàbá Ìbejì ń rẹ́rìn-ín. Ó ti rí i pé kò sídìí láti gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Kó ṣáà ti dá a padà sí ọkọ mi, ọkọ mi á parí iṣẹ́. "Tèmi! Tèmi!" ló ń ké sí bọ́ọ̀lù tí yóò bọ́ sí Òkè Mápó. Mo gbàdúrà burúkú kan nínú mi.

Níbẹ̀ ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti yọ. Ó gun òkè náà pẹ̀lú àpọ́ọ̀nù àmàlà láyà, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, bọ́ọ̀lù mẹ́rin sì wà nínú igbá tó gbé dání, ọ̀kan nínú wọn ń kán omi ọṣẹ. Ó la àárín pápá kọjá. Rẹfirí ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, eré ń lọ lọ́wọ́." Ó ní eré tìẹ lò ń sọ yẹn, abọ́ ìfọwọ́ tòun ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù bọ̀, omi ọṣẹ sì ti ta sí lẹ́èsì oníbàárà tó wá láti Mọ́níyà. Ta ni òun máa kọ owó lẹ́èsì sí lọ́rùn?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó máa bínú, ó ní agbára ló pọ̀ lápá òun lónìí.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ràkẹ́ẹ̀tì. Ó sún mọ́ ọn. Ó fi ìka tẹ okùn náà, okùn náà wọnú. Ó wá yíjú sí mi, ìrẹ́rìn-ín sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀.

"Ìyàwó wa, àwọ̀n ẹja tí ò ń hun nírọ̀lẹ́ ọjọ́sí kọ́ nìyí?"

Mo ní kí a máa bá eré lọ.

"Rárá o. Ẹ̀yìnkùlé lo wà. O gbé irin kan ti ògiri. Mo ní kí lò ń hun, o ní àwọ̀n."

Bàbá Káyọ̀dé kò sọ̀rọ̀. Ó ń wò mí, ó sì ń ṣírò owó okùn lójú mi, mo rí i bó ṣe ń rò ó pọ̀. Ṣùgbọ́n onígángan ti gbọ́. Ẹni tí wọ́n bá sanwó fún láti lù, kò sí ohun tó máa dá a dúró. Gángan ti di apá mọ́ra, ó tẹ ohùn náà jáde, mọ́ńbé: *Ta ló ta okùn náà? Ta ló ta okùn náà?* Ará ilé wa, tí wọn kò mọ áòtù, tí wọn kò mọ sẹ́ẹ̀tì, mọ ohun tí ìlù sọ. Wọ́n gbè é. Obìnrin àgbà, ọmọ wẹ́wẹ́, gbogbo wọn pátá, wọ́n ń jó nínú aṣọ ẹbí: *Ta ló ta okùn náà?* Wọ́n á sì na ọwọ́ sí mi.

Òfin gbà kí a pààrọ̀ ràkẹ́ẹ̀tì. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ mú èyí tó ti gbó," mo tiẹ̀ fi "ẹ" kún un lórí pápá. Ó ní rárá, òun á fi èyí tí ìyàwó òun ta parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ mi ṣe ń bínú nìyẹn: á gbọ́ràn sí ẹ lẹ́nu títí tí ojú á fi tì ọ́.

Ó kù díẹ̀ kí sẹ́ẹ̀tì parí nígbà tí Bàbá Ìbejì ta bọ́ọ̀lù rọ̀bọ̀tọ̀ kan sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ níwájú nẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí ọmọdé pàápàá máa ń gbá pa. Bàbá Káyọ̀dé bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó gbé ràkẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Mi ò tíì sọ ti kókó. Níbi tí okùn bá parí sí, kókó ni wọ́n ń ta sí ìdí rẹ̀, kókó ọ̀tọ̀ kan tó máa ń fún ara rẹ̀ sí i bí okùn bá ṣe ń fà á. Mi ò mọ̀ ọ́n ta. Èyí tí a fi ń so ewúrẹ́ Iléyá mọ́lẹ̀ ni mo ta sí i, ewúrẹ́ yẹn náà sì máa ń já.

A gbọ́ "fìrìrì." Okùn ìbú tú láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ojú ràkẹ́ẹ̀tì rọ, bọ́ọ̀lù kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn, ó ta gbọọrọ lọ sókè. Gbogbo ènìyàn gbójú sókè. Ìlù dákẹ́. Bàbá Káyọ̀dé náà gbójú sókè, ó ń yí ní ibi tó dúró sí, ó ń ké pé, "Ó dà? Ó dà?" Lẹ́ẹ̀kan yìí, oòrùn wọ̀ ọ́ lójú lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù sọ̀ kalẹ̀ sí àárín iwájú orí rẹ̀, pọ́ọ̀! Ó tún ta lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, ìyẹn sì fi ọwọ́ òsì hán an láìrìn.

"Bọ́ọ̀lù kan ara agbábọ́ọ̀lù," ni rẹfirí wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Pọ́ìntì ti Bàbá Ìbejì." Ó wá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga láti wo ràkẹ́ẹ̀tì tó tú náà, bó ṣe tọ́ kí rẹfirí ṣe. Ó gbé e yí. Ó rí bébà mi. Ó kà á. Mo rí ojú rẹ̀ tó ń padà sí ojú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

"24," ló kà jáde. Ó gbé orí sókè. "24 kí ni, mà?"

Ẹ̀yin tí ẹ kò gba kíláàsì mi kọjá, ẹ kò lè mọ bó ṣe dùn mí. Ọmọ tó bá kọ iye láìkọ ẹyọ ìwọ̀n rẹ̀, òdo ni mò ń fún un, bí ìṣirò rẹ̀ bá tiẹ̀ tọ̀nà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo máa ń fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí etí ìwé: *24 kí ni? Iṣu ni àbí ewúrẹ́?* Mo kọ ọ́ sí ìwé tirẹ̀ náà. Kò tíì gbàgbé, mo sì rí i pé inú rẹ̀ ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń tijú fún mi.

Mo ní, "Kílò." 

Ó fi ìka tẹ èyí tó kù nínú okùn náà. "Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Kílò kọ́ lèyí."

Mo ti mọ̀ kó tó sọ ọ́. Pọ́n-ùn ni. Kílò 24 tó bíi pọ́n-ùn 53. Pọ́n-ùn 24 kò pé kílò 11. Mo ti ta okùn ọkọ mi ní ìlàjì bó ṣe yẹ, kò tiẹ̀ pé ìlàjì. Okùn tó le, bí bọ́ọ̀lù bá kàn án, bọ́ọ̀lù ló máa ń tẹ̀, ara bọ́ọ̀lù á gbé lára agbára náà mì, ẹni tó mú ràkẹ́ẹ̀tì á sì lè darí rẹ̀. Okùn tó dẹ̀ á gba bọ́ọ̀lù wọnú, á sì dá gbogbo agbára rẹ̀ padà fún un: kànnàkànnà ni mo fi lé ọkọ mi lọ́wọ́, tí mo sì ń sọ fún un pé kó rọra. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún wọn níbẹ̀ lórí pápá. Ẹnikẹ́ni kò bi mí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Ìyàwó wa, lẹ́èsì ńkọ́?"

Mo san owó lẹ́èsì. Ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ṣùgbọ́n ó jókòó sí ìsọ̀ àbúrò rẹ̀, ó jẹ àmàlà àti àbọ̀dì, ó nu ọwọ́, ó sì ní kí n san ìyẹn náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ti ká àpò gààrí kúrò, ó ti yí ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri, ó fi awò ojú kọ́ imú, ó ń ka ẹ̀gbẹ́ tí mi ò rí. Ó bi mí pé èló ni mo rà á, mo sọ fún un. Ó ní wọ́n rẹ́ mi jẹ. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń hun ìbú hàn òun.

Ìyá Ìbejì pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé. A kíra títí, a béèrè àlàáfíà ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní okùn ràkẹ́ẹ̀tì Bàbá Ìbejì ti ń dẹ̀, ó sì ti ní kí òun wá ẹni tó máa ta á. Òun rò ó pé kí òun má wulẹ̀ lọ dé òdìkejì ìlú, níwọ̀n ìgbà tí èmi wà nítòsí.

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ wà níbẹ̀. Ẹ rí ohun tí ojú ọkọ mi rí."

Ó ní òun rí i dáadáa. Ó ní ṣé mo ṣì lè ta á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́?

Mo bi í pé èló ni Bàbá Ìbejì ń lò. Ó ní 25.

Mo ní kó gbé e wá lálẹ́.